Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Olùkọ́ Bá Ní Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ra Ìwé Àfikún

Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ lọ ra ìwé ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè. Owó ti kúrò lọ́wọ́ òbí, ìwé ti wọnú àpò ọmọ. Ó ku kí olùkọ́ fi ìwé náà kọ́ ọmọ títí owó yẹn yóò fi tó ohun tí wọ́n ná an sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n á rò pé rírà gan-an ni iṣẹ́, pé bí gbogbo kíláàsì bá ti ní ìwé lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú àpò ọmọ wò ní ìparí sáà, ẹ ó rí ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ojú ewé wọn ṣì ń dán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ju orí kejì lọ.

Ìwé àfikún tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ilé-ìwé ti kọ sílẹ̀ fún kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èyí tí olùkọ́ tún béèrè lé e lórí ni: ìwé ìdánrawò, àkójọ ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ tó sì dì pọ̀, máàpù, ìwé atúmọ̀ èdè, kóòdù tí wọ́n fi ń wọ ìkànnì ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ọmọ tí ìṣirò kò tíì yé nílò ìdánrawò ju mẹ́wàá tó wà nínú ìwé kíláàsì lọ, ọmọ tó sì ń múra ìdánwò àṣejáde yóò jàǹfààní bó bá rí bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń béèrè fún un, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán, ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má ṣe ní kí wọ́n ra ìwé tí ẹ kò tíì kà dé ẹ̀yìn

Àṣìṣe yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Aṣojú ilé ìtẹ̀wé gbé ẹ̀dà kan wá, èèpo rẹ̀ lẹ́wà, àwọn àkọlé inú rẹ̀ bá ìlànà ẹ̀kọ́ mu, olùkọ́ sì ti kéde rẹ̀ fún kíláàsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àmọ́ àkọlé tó bára mu kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ péye.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fa ilà sí i kó di òpó mẹ́ta. Ní òpó kìíní, ẹ to àwọn kókó ẹ̀kọ́ sáà náà bí ẹ ó ṣe kọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní òpó kejì, ẹ kọ ojú ewé tí ìwé kíláàsì ti sọ̀rọ̀ lórí kókó kọ̀ọ̀kan. Ní òpó kẹta, ẹ kọ ojú ewé ìwé àfikún, pẹ̀lú ohun tó fi kún ti ìwé kíláàsì gan-an: ìbéèrè mélòó, àwòrán wo, àlàyé wo. Bí kókó méjìlá bá wà nínú sáà, tí òpó kẹta sì ṣófo níwájú mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ yín ni ìwé náà wúlò fún. Ẹ kò gbọdọ̀ tìtorí ìdá kan nínú mẹ́rin ní kí òbí san owó odidi ìwé. Ẹ fi ìbéèrè tiyín rọ́pò ti ìwé náà lórí kókó mẹ́ta tó kàn yẹn, tàbí kí ilé-ìwé ra ẹ̀dà díẹ̀ sí ilé-ìkàwé.

Bí ìwé bá yege níbẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ ṣe ogún ìbéèrè inú rẹ̀ fúnra yín: márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá láti àárín, márùn-ún láti ẹ̀yìn. Ẹ má wo ìdáhùn kí ẹ tó ṣe é tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tiyín wé ti ẹ̀yìn ìwé. Bí ìdáhùn méjì bá kùnà nínú ogún, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Bí ìbéèrè 400 bá wà nínú ìwé náà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí 40 ìdáhùn má tọ̀nà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe yẹ yóò wo ẹ̀yìn ìwé, yóò rí ohun mìíràn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí ọ̀nà tó tọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pa lára jù, torí òun ló ń yẹ ara rẹ̀ wò.

Fún ìwé kíkà, ẹ ṣí ojú ewé kan ní àárín, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú kíláàsì kà á sókè, kó máa na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá tán kí ojú ewé tó tán, ìwé náà ti le jù fún un láti dá kà nílé. Ní ti àkójọ ìbéèrè àtijọ́, ẹ wo ọdún tí ìlànà ìdánwò yí padà, kí ẹ sì ka iye ìbéèrè tó ṣáájú ìyípadà yẹn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe dáhùn. Ìwé tó kọ lẹ́tà A, B, D sílẹ̀ lásán láìṣàlàyé ìdí kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan ju kó há lẹ́tà sórí lọ.

Ẹ má ṣe fi ẹnu ọmọ ránṣẹ́ sí òbí

"Tíṣà ní ká ra ìwé aláwọ̀ búlúù." Ohun tó ń délé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí á lọ ra ìtẹ̀jáde kejì nígbà tí olùkọ́ ń lo ìkẹta, tàbí ìwé kíláàsì kẹrin dípò ìkarùn-ún. Ẹni tó tà á kò ní gbà á padà, ọmọ á sì wà láàárín òbí àti olùkọ́.

Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìwé bó ṣe wà lára èèpo, orúkọ òǹkọ̀wé, ilé ìtẹ̀wé, ìtẹ̀jáde wo, àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀ káàkiri àgbáyé. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ lo ìwé náà ní kíláàsì, iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi lò ó, àti gbólóhùn kan tó sọ ohun tí ìwé náà ń ṣe tí ìwé kíláàsì kò ṣe. Bí gbólóhùn yẹn bá ṣòro fún yín láti kọ, ẹ padà síbi òpó mẹ́ta.

ISBN ṣe pàtàkì, torí ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn líle àti ẹlẹ́yìn rírọ̀ kì í sì í jọ lo ọ̀kan náà. Láti ọdún 2007, ẹyọ nọ́ńbà 13 ló máa ń ní. Ti ìwé tó ṣáájú ìgbà náà lè jẹ́ 10. Ẹyọ tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì í kọ, ẹ sì lè fi yẹ lẹ́tà yín wò kó tó jáde. Ẹ mú méjìlá àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi 1 àti 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá wo iye tó kù kó tó dé orí ẹ̀wá tó kàn. Ẹ fi 978-0-306-40615-7 ṣe àpẹẹrẹ: 9, 21, 8, 0, 3, 0, 6, 12, 0, 18, 1 àti 15 jẹ́ 93. Ó ku 7 kó pé 100, 7 náà ló sì wà ní ìparí. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo kọ, ìṣirò náà kò ní bára mu mọ́.

Ẹ má sì sọ pé ìtẹ̀jáde tuntun nìkan ni ẹ fẹ́ bí kò bá sí ìdí. Ẹ to tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ síwájú, kí ẹ ṣí wọn lórí-lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán àti nọ́ńbà ojú ewé ni wọ́n yí padà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìtẹ̀jáde méjèèjì ni ẹ gbà, kí ẹ sì máa fi orí àti nọ́ńbà ìbéèrè júwe iṣẹ́ dípò ojú ewé. Ìyẹn nìkan lè jẹ́ kí àbúrò lo ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn lẹ́tà yìí máa ń fi pamọ́: ṣé dandan ni ríra ìwé yìí ni, àbí kì í ṣe dandan? Ẹ kọ ọ́ ní kedere. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 sọ ní abala 28 pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ àjọ náà tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ lórí ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà tún ṣàlàyé pé owó tí wọ́n bá fi dandan gbà lọ́wọ́ òbí lè di ìdènà fún ẹ̀tọ́ yìí, títí kan èyí tí wọ́n pè ní àtinúwá tí kì í sì í ṣe àtinúwá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kí gbogbo olùkọ́ fi sọ́kàn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "kì í ṣe dandan", tí ẹ wá ń bi ọmọ léèrè ìwé láràárọ̀, dandan ni ẹ sọ ọ́ dà.

Ẹ má ṣe so máàkì mọ́ ọn

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ló burú jù lójú wa, torí òun ló ń ba ẹ̀kọ́ gan-an jẹ́. Ohun tí ọmọ mọ̀ ni máàkì ń wọ̀n. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún ọmọ ní máàkì márùn-ún torí ó mú ìwé wá, ohun tó wà lápò òbí rẹ̀ ni ẹ wọ̀n. Ẹ ò ní lè wo ìwé èsì mọ́ kí ẹ mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, torí iye tó wà níbẹ̀ ti dàrú.

Díẹ̀ ni olùkọ́ tó ń ṣe é ní gbangba. Abẹ́lẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. "Iṣẹ́ àṣetiléwá: ojú ewé 34, ìbéèrè 1 sí 10." Ọmọ tí kò ní ìwé kò rí ìbéèrè náà, kò lè ṣe é, òdo ló máa gbà. Tàbí kí olùkọ́ mú ìbéèrè ìdánwò àárín sáà wá ní táárà láti inú ìwé àfikún, kí àwọn tó ní in ti rí ìdáhùn ṣáájú. Ìdánwò yẹn ti bàjẹ́ lọ́nà méjì: ó fìyà jẹ ẹni tí kò ní ìwé, ó sì fún ẹni tó ní in ní máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Inú ìwé kíláàsì nìkan ni kí iṣẹ́ tó ní máàkì ti wá. Bó bá ti inú ìwé àfikún wá, ẹ kọ ìbéèrè náà sójú pátákó ní kíkún, kí àwọn ọmọ dà á kọ. Ìbéèrè mẹ́rin tí gbogbo wọn rí sàn ju mẹ́wàá tí ìdajì kíláàsì kò rí. Fún ìdánwò, ẹ yí iye àti orúkọ inú ìbéèrè padà, kí ẹ sì yí ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè padà pẹ̀lú.

Kí olùkọ́ lé ọmọ jáde torí ìwé, kó ní kó dìde dúró, kó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, kó ní kó jókòó sẹ́yìn: gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó dópin. Ọmọ kọ́ ló ń pinnu ìgbà tí owó yóò jáde nílé wọn. Ẹ̀kọ́ tó pàdánù níta lọ́jọ́ náà ni yóò mú kó nílò ìwé àfikún sí i.

Ẹ má ṣe béèrè pé "ta ni kò lè rà á?"

Ó dà bí àánú, ó sì máa ń ti ọkàn tó dáa wá, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń kó bá ọmọ. Kò sí ọmọ tó fẹ́ na ọwọ́ sókè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti sọ pé kò sí owó nílé. Wọn kò ní nawọ́. Ẹ ó wá rò pé gbogbo wọn lè rà á.

Kí lẹ́tà tó jáde ni kí ẹ ti mọ ibi tí àwọn ẹ̀dà tí wọn kò ní rà yóò ti wá. Bí ẹ bá ń lo ìwé náà ní kíláàsì nìkan, ẹ̀dà kan fún ọmọ mẹ́ta tó, torí ọmọ mẹ́ta lè wo ojú ewé kan pa pọ̀ láìdá ara wọn lọ́wọ́ kọ́. Bí wọ́n bá ti di mẹ́rin, ẹni tó wà ní ìkangun kò ní rí nǹkan kan. Kíláàsì ọmọ 40 yóò nílò ẹ̀dà 14. Bí iṣẹ́ bá ń lọ sílé, ẹ fi ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta sí ilé-ìkàwé tí ọmọ lè yá lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, kó dá a padà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí àkọsílẹ̀ àwọn tó yá ìwé sì ní òpó mẹ́rin: nọ́ńbà ẹ̀dà, orúkọ, ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ tó wọlé. Láìsí ìyẹn, ẹ̀dà méjì á pòórá kí oṣù tó parí.

Ọ̀nà tí òbí lè gbà sọ ipò rẹ̀ láìsí ìtìjú nìyí: ẹ fi bébà kékeré kan kún lẹ́tà náà, kó ní ìlà mẹ́ta tí òbí yóò fàmì sí ọ̀kan nínú wọn: a ó rà á, a ti ní in nílé, ẹ bá wa wá ẹ̀dà kan. Kí gbogbo òbí dá a padà nínú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, èyí tó fẹ́ rà àtèyí tí kò ní rà. Bó bá jẹ́ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ nìkan ló dá bébà padà, gbogbo kíláàsì ti mọ̀ wọ́n nìyẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ ẹni tó yan ìwé kí ẹ tún jẹ́ ẹni tó ń tà á

Olùkọ́ tó ń gba owó ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó tún ń fún ní máàkì ti gbé ara rẹ̀ síbi tí kò ti ní lè dá ara rẹ̀ láre, kódà bí kò bá jẹ èrè kankan. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi yóò so ó mọ́ ìwé tí kò rà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ó kéré tán olùkọ́ méjì tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn àti ọ̀gá kan jọ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n yàn. Kí òbí lè rà á níbikíbi tó bá wù ú. Bó bá jẹ́ ilé-ìwé ló ń tà á, ọ́fíìsì ìṣirò owó ni kó gbà á, kí rìsíìtì tó ní nọ́ńbà sì jáde fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ kíláàsì má ṣe ní àkọsílẹ̀ ẹni tó san àti ẹni tí kò san lọ́wọ́. Bí ilé ìtẹ̀wé bá ń fi nǹkan dúpẹ́ torí pé ẹ̀dà tó pọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀dínwó lórí iye tí òbí ń san, tàbí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún ilé-ìkàwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ìwé náà ńkọ́? Kò burú láti lò ó, ó sì lè jẹ́ òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kí ẹ dìde kúrò níbi ìpinnu náà fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tó tó kíláàsì kan lò sí ilé-ìkàwé.

Ẹ má ṣe da odidi ìwé kọ kí ẹ wá máa tà á

Torí pé ìwé wọ́n, àwọn kan á kó o lọ sí ibi fọ́tòkọ́pì, wọn á dà á kọ láti èèpo dé èèpo, wọn á dì í, wọn á sì gba owó. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, fi àyè sílẹ̀ kí òfin orílẹ̀-èdè gba olùkọ́ láyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láti fi ṣàlàyé ẹ̀kọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìlò náà kò bá ré ìwà tó tọ́ kọjá. Dídà odidi ìwé kọ fún títà kò sí nínú ìyẹn. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ wà láti mọ iye tí wọ́n gbà láyè, kí ẹ sì kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ti ìwé sí ìsàlẹ̀ gbogbo bébà tí ẹ bá pín.

Ìwé ọ̀fẹ́ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe rò lọ. Láti ọdún 2002 ni àwọn ìwé àṣẹ Creative Commons ti wà, tí òǹkọ̀wé fi ń sọ ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí CC BY, ẹ lè dà á kọ, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ pín in, bí ẹ bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí NC bá wà níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fi pa owó. ND túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ pín èyí tí ẹ bá yí padà; SA sì túmọ̀ sí pé àṣẹ kan náà ni kí ẹ fi pín ohun tí ẹ bá tún ṣe. OpenStax, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé jáde ní 2012, ní ìwé ìṣirò, físíìsì àti bàólọ́jì tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà lè kà láìsan kọ́bọ̀.

Kóòdù kì í ṣe ìwé

Ìwé tí wọ́n rà lónìí, àbúrò lè lò ó lọ́dún mẹ́ta sí i. Kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí bẹ́ẹ̀: ẹnì kan ló sábà máa ń lè lò ó, ó sì máa ń parí iṣẹ́ lẹ́yìn iye oṣù kan. Òbí tó ra ìwé àlòkù tí kóòdù wà nínú rẹ̀ lè délé kó rí i pé ẹlòmíràn ti lò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè fún un, ẹ wádìí ohun mẹ́rin: oṣù mélòó ni, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà (ọjọ́ tí wọ́n rà á ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé?), ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré, ṣé ọmọ lè gbé ẹ̀kọ́ sórí fóònù kó sì kà á láìsí dátà. Bí áàpù náà bá ń béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò ọmọ, òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ dá forúkọ sílẹ̀. Kí ẹ sì ní bébà tí ẹ tẹ iṣẹ́ kan náà sí fún ọmọ tí kò ní fóònù nílé.

Àkókò àti ẹrù

Olùkọ́ ìṣirò béèrè ìwé ní ọjọ́ Ajé, ti èdè béèrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti sáyẹ́ǹsì ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn, òbí kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì já lé lórí. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri yàrá olùkọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìwé kọ ọ́ síbẹ̀ ná, kí ẹ sì fẹnu kò pé kíláàsì kan kò ní gba ju ìwé méjì lọ láàárín oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ lò ó ni kí lẹ́tà dé ọwọ́ òbí. Èyí tí ẹ béèrè nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí sáà parí kò ní rí ìlò.

Ẹ ro ti èjìká ọmọ náà. Ewé bébà A4 tó wọ́pọ̀, èyí tó jẹ́ gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan, wúwo tó gíráàmù 5. Ìwé A4 olójú ewé 200 jẹ́ ewé 100, ìyẹn ìdajì kílò láìka èèpo. Àmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí àpò ọmọ má ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Fún ọmọ tó wọn kílò 30, kílò 3 sí 4.5 nìyẹn. Ìwé mẹ́fà irú èyí ti pé kílò 3 kí a tó fi ìwé àkọsílẹ̀ àti ike omi sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ nílò ìwé kọ̀ọ̀kan sójú ògiri kíláàsì, kí wọ́n má bàa máa rù ú lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán

Ibí ni gbèsè ti ń di sísan. Ìlànà ìlò gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín: ọ̀sẹ̀ wo, orí wo, ìbéèrè wo, ìṣẹ́jú mélòó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí olùkọ́ sọ pé "ẹ lọ kà á nílé", kó sì gbàgbé rẹ̀. Ọmọ á kà á lẹ́ẹ̀kan, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí lórí ìrántí tí àwọn onímọ̀ méjì, Roediger àti Karpicke, gbé jáde ní 2006, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ọ̀rọ̀ kà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí ló yọrí jù. Ìwé ìdánrawò dára fún irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹ máa mú ìbéèrè mẹ́ta sí márùn-ún láti orí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, kí ìwé wà ní pípadé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ ṣe ìdáhùn rẹ̀ lójú pátákó lójú ẹsẹ̀, torí ìbéèrè tí ẹnì kan kò ṣàtúnṣe rẹ̀ lè mú kí àṣìṣe ọmọ fìdí múlẹ̀.

Bó bá jẹ́ irú ìwé tí ó ní àyè ìdáhùn nínú, ẹ sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé inú ìwé àkọsílẹ̀ ni kí wọ́n kọ ìdáhùn sí. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà orí àti ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́. Ìwé náà á mọ́ tónítóní fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin náà á sì rí ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣiṣẹ́, torí àyè tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í gba ju ìdáhùn nìkan lọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn òbí. Ẹ má sáré rà á lọ́jọ́ tí ọmọ bá mú ìròyìn dé. Ẹ béèrè lẹ́tà. Ẹ má fi ọmọ ránṣẹ́ ìbínú sí olùkọ́, ẹ lọ fúnra yín tàbí kí ẹ kọ ìwé, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: ṣé dandan ni, ìgbà wo lẹ ó kọ́kọ́ lò ó, ṣé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Bí ìwé bá sì pé oṣù kan nílé tí iṣẹ́ kankan kò tíì ti inú rẹ̀ wá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà, kí olùkọ́ gba ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ mẹ́wàá láìṣa ẹnì kan, kó fi wọ́n ka iye orí tí kíláàsì lò, kó fi iye yẹn wé ìlànà tó ti kọ sílẹ̀, kó sì bi àwọn ọmọ léèrè orí tó yé wọn àti èyí tó dà wọ́n lọ́kàn rú. Bí ohun tí wọ́n lò kò bá tó ìdajì, kó yọ ìwé náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìwé náà fún olùkọ́ tí yóò gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.